Kí Ló Gba Gbogbo Àyè Inú Kọ̀ǹpútà Yín? Ẹ Wò Ó Kí Ẹ Tó Pa Nǹkan Rẹ́

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe ọdún Kayokayo tán ni bùrọ̀dá kan gbé laptop rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ẹ̀pẹ́. Fídíò òde ni iṣẹ́ rẹ̀: ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọdún tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá síbí, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó lóṣù Kejìlá 1851, ni ó yà láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ti kó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, kó máa tò ó, ni kọ̀ǹpútà ní àyè ti tán.

“Àǹtí, ẹ gbà mí,” ó ní. “Mo ti pa gbogbo ohun tí mo lè pa rẹ́, ilà yẹn ṣì pupa.”

Ilà tó wà lábẹ́ orúkọ dísìkì C:, ibi tí Windows fúnra rẹ̀ wà, ló ń sọ. Búlúù ni tẹ́lẹ̀. Bí àyè tó kù kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́, á di pupa.

Mo bi í pé kí ló ti pa rẹ́. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Àwòrán ni, ó ní, nǹkan bíi 400, èyí tó yà lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó rò pé wọ́n wà lórí fóònù ìyàwó òun náà. Ó sì ti da Recycle Bin, ibi tí fáìlì tí a pa rẹ́ máa ń kọ́kọ́ lọ, nù. SSD ni dísìkì inú laptop rẹ̀, irú èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú, àwọn SSD òde òní sì máa ń tètè gbá ojú ibi tí fáìlì tí a pa rẹ́ wà mọ́, débi pé ètò tí a fi ń wá fáìlì tó sọnù kì í sábà bá nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbìyànjú. N ò rí ẹyọ kan.

Ẹ bá mi ṣírò ohun tó rí gbà dípò wọn. Àwòrán kan láti inú kámẹ́rà rẹ̀ tó bíi 5 MB. Ẹ sọ ọ́ di 400, ó di 2,000 MB, ìyẹn 2 GB. Kámẹ́rà kan náà, tó bá ń ya fídíò ní 24 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (megabit 8 ló ń di MB kan), 3 MB ló ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí wákàtí kan fi ń sún mọ́ 11 GB. Àyè tí àwòrán 400 yẹn fi sílẹ̀ kò lè gbà ju fídíò ìṣẹ́jú 11 lọ. Ìrántí ìkómọ ọmọ rẹ̀ ló fi ra ìṣẹ́jú 11. Nígbà tí a sì wá wo inú kọ̀ǹpútà náà dáadáa, fódà kan tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ló jókòó lé 61 GB.

Ó ń dùn mí nítorí pé mo ń rí irú rẹ̀ léraléra. Ohun tí a mọ̀ pé a fi síbẹ̀, tí a lè fi ojú rí, bí àwòrán, orin, lẹ́tà, òun la máa ń fura sí. Ohun tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń ṣe pamọ́ sí kọ̀rọ̀, tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa, a kì í rò ó sí rárá. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló sábà máa ń pọ̀ jù.

Ẹni tó bá ti dé ọjà Olúwo wa rí, tó ti rí bí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ṣe ń di kúlà tí yóò lọ sí Èkó, yóò tètè lóye rẹ̀. Ẹ ṣí kúlà yẹn: ẹja wà nínú rẹ̀, yìnyín wà nínú rẹ̀, ara kúlà fúnra rẹ̀ sì nípọn. Bí kúlà bá kún, kì í ṣe ẹja nìkan ló kún un. Dísìkì kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹja ni àwọn nǹkan tiyín: àwòrán, fídíò, ìwé, àkọsílẹ̀ owó. Bó bá bàjẹ́, ẹ lè má rí irú rẹ̀ mọ́ láé. Yìnyín ni àwọn fáìlì tí àwọn ètò ń ṣe kí iṣẹ́ lè yá, èyí tí wọ́n ń pè ní “cache” tàbí “temporary files”. Ó wúlò lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá débi tí ẹ ń lọ, ẹ lè dà á nù, ẹ̀rọ á sì ṣe òmíràn. Ara kúlà ni Windows fúnra rẹ̀. Ó ń gbàyè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbẹ́ ẹ nínú kí ẹja lè gbà sí i kò ní kúlà mọ́. Ohun tí bùrọ̀dá yìí ṣe ni pé ó kó ẹja sọnù, ó fi yìnyín sílẹ̀.

Kí á tó wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun kan tó ti dá ìjà sílẹ̀ níṣojú mi. Èèyàn á ra laptop tòkúnbọ̀, wọ́n á ní 500 GB ni dísìkì rẹ̀; ó délé, Windows ní 465 GB. Ó ti gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ìrẹsì kan náà ni, kóńgò méjì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń ṣe dísìkì ń ka 1 GB sí báìtì 1,000,000,000. Windows ń fi 1,024 ṣe ìlọ́po, nítorí náà GB tirẹ̀ tóbi jù: báìtì 1,073,741,824. Bí kóńgò bá tóbi, iye kóńgò á dín, ìrẹsì ò dín. Ìdí nìyẹn tí 256 GB fi ń hàn bíi 238, tí 1 TB sì ń hàn bíi 931 GB. Kọ̀ǹpútà Mac ń lo kóńgò kan náà pẹ̀lú àwọn tó ṣe dísìkì, nítorí náà ariyanjiyan yìí kì í sí lọ́dọ̀ tiwọn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó gba àyè yín, ẹ má wá 35 GB yẹn. Kò sọnù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ohun àkọ́kọ́ kò gba dátà, kò gba owó. Ẹ tẹ àmì Windows mọ́ lẹ́tà I lórí kíbọ́ọ̀dù, “Settings” á ṣí. Ẹ wọ “System”, lẹ́yìn náà “Storage”. Ẹ ní sùúrù kó kà á tán. Ó máa tò ó fún yín ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́: iye tí àwọn ètò tí ẹ fi sínú rẹ̀ gbà, iye tí “Temporary files” gbà, iye tí àwòrán àti fídíò gbà, àti èyí tó kù tó kó sábẹ́ “Other”. Ẹ tẹ èyí tó bá pọ̀ jù, yóò tún tú u palẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ibí yìí nìkan ti tó.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ ṣọ́ra ní “Temporary files”. Ẹ máa rí àpótí kéékèèké tí a lè fi àmì sí, kí á wá sọ pé kó kó wọn dànù. Nínú wọn ni “Downloads” wà. Windows kì í fi àmì sí i fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń kánjú á fi àmì sí gbogbo rẹ̀. “Downloads” kì í ṣe yìnyín. Ibẹ̀ ni èsì ìdánwò ọmọ tí ẹ gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ibẹ̀ ni rìsíìtì wà, ibẹ̀ ni ìwé tí lọ́yà fi ránṣẹ́ wà. Mo ti rí ìyá kan tó sunkún lórí àpótí kékeré yìí. Ẹ wọ inú fódà náà fúnra yín, ẹ tò ó láti orí èyí tó tóbi jù, kí ẹ sì máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètò tí ẹ ti fi sínú kọ̀ǹpútà tán, tí fáìlì tí ẹ fi gbé e wọlé ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè pa ìyẹn rẹ́. Fíìmù tí ẹ ti wò tán náà ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Ibi tí “Storage” kì í tó ni tí “Other” bá jẹ́ 90 GB, tí ẹ ò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ máa nílò àwòrán ilẹ̀.

Ìtàn àwòrán ilẹ̀ yìí wù mí púpọ̀, torí pé ohun tó bí i jọ wàhálà tiwa. Ní 1990, ní Yunifásítì Maryland l'Ámẹ́ríkà, dísìkì 80 MB kan ni èèyàn 14 jọ ń lò ní ibi ìwádìí tí Ben Shneiderman ti ń ṣiṣẹ́. Ó kún. Wọn ò mọ ibi tí àyè wọlé sí, wọn ò sì mọ ẹni tí wọn ì bá ní kó dín ti ẹ̀ kù. Ó gbìyànjú láti yàwòrán fódà bí igi tó ní ẹ̀ka, ṣùgbọ́n igi náà ń tóbi ju ojú kọ̀ǹpútà lọ. Ìgbà tó yá ló ronú pé kí òun mú ojú kọ̀ǹpútà bí ilẹ̀ onígun mẹ́rin kan, kí òun sì pín in bí ẹbí ṣe ń pín ilẹ̀: fódà kọ̀ọ̀kan gba agboolé, fáìlì kọ̀ọ̀kan gba pílọ́ọ̀tì nínú agboolé fódà rẹ̀, kí pílọ́ọ̀tì náà sì tóbi gẹ́gẹ́ bí fáìlì ṣe tóbi. Treemap ni orúkọ tí wọ́n fún un. 80 MB tó ń fa ìjà láàárín èèyàn 14 nígbà yẹn kò tó àwòrán 17 nínú kámẹ́rà bùrọ̀dá wa lónìí, àmọ́ ọ̀nà tó fi yanjú rẹ̀ kò tíì gbó.

WinDirStat ni èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ètò tó ń yà á fún yín. Ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo èèyàn. TreeSize Free wà pẹ̀lú, ti ilé-iṣẹ́ JAM Software ní Jámánì. Èyí tí mo sábà ń ṣí ni WizTree, torí pé ó yára. Ìdí tó fi yára ni pé Windows ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ kan lórí dísìkì, MFT, tí orúkọ gbogbo fáìlì àti ìwọ̀n wọn wà nínú rẹ̀. Dípò kí WizTree máa kan ilẹ̀kùn fódà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ló ń kà, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló sì fi ń parí. Yóò bi yín bóyá kó ṣiṣẹ́ bí “administrator”. Ẹ gbà fún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lè ka ìwé náà, kò sì ní rí inú àwọn fódà kan tó wà ní títì. Ọ̀fẹ́ ni WizTree fún ẹni tó ń lò ó nílé. Ẹni tó bá ń fi ṣòwò gbọ́dọ̀ sanwó. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ojúlé àwọn tó ni ín gan-an ni kí ẹ ti gbà á. Àwọn ètò tó ń pariwo pé àwọn yóò fọ kọ̀ǹpútà yín mọ́, tí ń fò jáde lójú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ní kòkòrò tí wọ́n ń gbé wá bá mi, irú ètò bẹ́ẹ̀ ló kó o wọlé.

Tí ẹ bá ti ní kó ka dísìkì C:, ojú yín á kọ́kọ́ rí ọ̀pọ̀ àwọ̀. Ẹ fi àwọn kéékèèké sílẹ̀. Pílọ́ọ̀tì tó tóbi jù ni kí ẹ tẹ̀, yóò sọ orúkọ rẹ̀ àti inú fódà tó wà fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó tẹ̀lé e. Láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ ti máa ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ń wá àyè 40 GB, tí ẹ wá ń pa lẹ́tà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, á rẹ̀ yín, àyè ò ní tó.

Báwo wá ni ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹja ni tàbí yìnyín?

Bí ẹ bá ń gé fídíò, ẹ kọ́kọ́ wo apá “AppData”. Inú fódà tó ní orúkọ yín lábẹ́ “Users” ló wà, Windows sì fi í pamọ́, nítorí náà ẹ kì í rí i. Ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ “View”, lẹ́yìn náà “Show”, kí ẹ fi àmì sí “Hidden items”, yóò jáde. Adobe Premiere ni bùrọ̀dá yìí ń lò. Gbogbo fídíò tí ẹ bá kó sínú Premiere, ó máa ń ṣe àwọn fáìlì ìrànlọ́wọ́ kan fún un kó lè tètè máa ṣí i, ó sì ń kó wọn sínú “Media Cache Files” lábẹ́ AppData. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan parí, ẹ pa fídíò rẹ́, oníbàárà ti gba tirẹ̀ lọ, àwọn fáìlì ìrànlọ́wọ́ wọ̀nyẹn lè ṣì wà níbẹ̀. Òde ọdún méjì ti kó jọ síbẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó jókòó lé 61 GB nìyẹn. Yìnyín ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ yín kó o: inú Premiere fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí “Edit”, “Preferences”, “Media Cache”, ẹ máa rí ibi tí ẹ ti lè ní kó kó èyí tí kò lò mọ́ dànù. Níbẹ̀ náà ni ẹ ti lè sọ fún un pé kó máa kó wọn sórí dísìkì D:, bí ẹ bá ní i, láti òní lọ.

Ẹ má gbàgbé D: yẹn o. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí C: rẹ̀ ń pariwo, tí D: rẹ̀ sì ṣófo bí yàrá àlejò, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún onílé pé yàrá méjì ló ní.

Telegram náà ń ṣe bíi Premiere. Gbogbo fídíò tó bá kọjá nínú ẹgbẹ́ tí ẹ wà, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Nínú Telegram orí kọ̀ǹpútà, “Settings”, “Advanced”, “Manage local storage” ni ibi tí ẹ ti lè dà á nù, ẹ ò sì ní pàdánù ọ̀rọ̀ kankan, torí pé orí ẹ̀rọ Telegram ni àkọ́kọ́ rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá ti so iPhone mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí, tó tọ́jú ohun inú rẹ̀ síbẹ̀, kó wá fódà tó ń jẹ́ “MobileSync”. Fóònù odidi kan lè wà níbẹ̀. Èyí, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí fóònù yẹn bá ti sọnù tàbí bó bá ti bọ́ sínú ọ̀sà, ẹ̀dà yìí ló kù. Ẹja gidi ni.

“Windows.old” jẹ́ ohun mìíràn. Bí Windows bá gòkè láti ẹ̀dà kan sí òmíràn, ó máa ń pa èyí àtijọ́ mọ́ sínú fódà yìí, kí ẹ lè padà bí tuntun náà kò bá bá yín lára mu. 10 GB tàbí 20 GB kì í ṣe nǹkan àjèjì fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, Windows fúnra rẹ̀ máa ń kó o kúrò. Bí ẹ bá nílò àyè náà kíákíá, tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ lọ sí “Temporary files”, ẹ fi àmì sí “Previous Windows installation”. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rí i dájú pé ìwé yín kankan kò há sínú rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí “hiberfil.sys”, torí ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbé kiri nípa rẹ̀ kò bá ìgbésí ayé wa mu. Fáìlì yìí lè tó bíi 6 GB lórí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀, ibi tí ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ máa ń wà, jẹ́ 16 GB. Ẹ máa gbọ́ pé kí ẹ kọ “powercfg /h off” sínú Command Prompt, ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, yóò sì pòórá. Òótọ́ ni, yóò pòórá. Àmọ́ kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Nígbà tí bátìrì laptop bá ń kú lọ, ohun tí Windows sábà máa ń ṣe ni pé yóò kó gbogbo ohun tó wà lórí RAM, lẹ́tà tí ẹ ń kọ tí ẹ ò tíì tọ́jú, ìṣirò tí ẹ ṣe dé ìdajì, yóò kọ wọ́n sínú fáìlì yìí, yóò wá pa ara rẹ̀. Bí iná bá dé, ẹ bá iṣẹ́ yín níbi tí ẹ fi í sí. Níbi tí iná ti ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, tí bátìrì tòkúnbọ̀ kì í lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, 6 GB yẹn ń ṣe iṣẹ́ tó ju 6 GB lọ. Lórí laptop, mo máa ń fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì ni, bí iná bá lọ, ó ti lọ nìyẹn, fáìlì náà kò lè gbà á là. Ẹ lè pa á. Kọ̀ǹpútà lè pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó ṣí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pílọ́ọ̀tì ńlá mìíràn wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yín pa rẹ́. “pagefile.sys” ni ibi tí Windows ń gbé ẹrù sí nígbà tí RAM kò bá gbà mọ́. Fódà “Windows” lódidi jẹ́ ara kúlà. Nínú rẹ̀ ni “WinSxS” wà, tí yóò máa hàn bí ẹni pé ó gba odidi 10 GB àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n yẹn fẹjú ju òótọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ fáìlì inú rẹ̀ ló ní orúkọ méjì ní ibi méjì, bí ọmọ kan tí bàbá sọ lórúkọ kan, tí ìyá sọ lórúkọ mìíràn. Akọ̀wé tí kò bá mọ ilé yẹn á kà á sí ọmọ méjì. Bó bá jẹ́ pé ó tóbi lóòótọ́, “Disk Cleanup” ló mọ bó ṣe yẹ kó dín in kù, pẹ̀lú “Windows Update Cleanup” tó wà nínú rẹ̀.

Cache àwọn ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́, n kì í sì í dá sí i bí kò bá jẹ́ ẹrù gidi. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í sábà pọ̀, tí ẹ bá sì pa á rẹ́, gbogbo àwòrán àwọn ojúlé tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ lẹ máa tún fi dátà yín gbà lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹlòmíràn á ṣírò gbogbo fódà rẹ̀, á rí 150 GB, Windows á sì ní 190 GB ló ti lọ. Ibo ni 40 yòókù wà? Ó lè jẹ́ “System Restore”, àwọn ẹ̀dà tí Windows ń tọ́jú kó lè padà sẹ́yìn bí nǹkan bá bàjẹ́. Inú “System Volume Information” tó wà ní títì ni wọ́n wà. Ẹ wá “Create a restore point” nínú àpótí ìwádìí Windows, ẹ tẹ “Configure”, ẹ máa rí iye tó gbà, ẹ sì lè sọ iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ó sì lè jẹ́ pé fáìlì kéékèèké ló pọ̀. Dísìkì dà bíi kíréètì ẹyin: ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 KB, ẹyin ẹyẹlé tó jẹ́ 1 KB á gba odidi ihò kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí “Size” àti “Size on disk” lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí fáìlì bíi bẹ́ẹ̀ bá tó 100,000, bíi 300 MB ló ṣòfò sínú ihò. OneDrive ń ṣe òdìkejì rẹ̀: fáìlì tó ní àmì ìkùukùu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè sọ pé 2 GB ni òun, kí “Size on disk” rẹ̀ sì jẹ́ òdo, nítorí pé orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lọ́dọ̀ yín.

Àwọn tó ń lo Mac, “System Settings”, “General”, “Storage” ni tiyín. Linux ní “df -h” fún iye tó kù, àti “ncdu” fún ohun tó gbà á. Lórí fóònù, WhatsApp ló sábà máa ń jẹ̀bi; “Settings”, “Storage and data”, “Manage storage” yóò kó àwọn tó ju 5 MB lọ àti àwọn tí wọ́n ti pín kiri jù síwájú yín.

Bùrọ̀dá jókòó tì mí títí tí a fi ṣe é tán. 61 GB láti inú Media Cache, 18 GB láti inú Windows.old tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, àti fídíò ìgbéyàwó kan tó ti gbé jáde nígbà mẹ́ta pẹ̀lú orúkọ mẹ́ta. Ilà padà di búlúù. Ó rí fídíò Kayokayo náà gé, ó sì fi jíṣẹ́ fún àwọn tó rán an.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ìkómọ kò dára tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá inú fóònù rẹ̀, ó rí 37, àwọn tí ọkọ ti fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà. WhatsApp ti fún wọn kéré, ojú ọmọ kò mọ́ kedere bó ṣe wà nínú kámẹ́rà. A kó wọn sórí D:, a kó ẹ̀dà kejì sínú fláàṣì, ìyàwó sì mú fláàṣì náà lọ sílé.